Kò Sẹ́ni Tó Wo Inú Etí Mi

Bí nǹkan bá ń gún ọ nínú etí bí abẹ́rẹ́, tí ó gún ọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì ti lọ kí o tó ké, tí ariwo kan tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sì ń hó lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ ni mo jókòó kọ ìwé yìí fún. Èmi kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí, ó sì ku kíláàsì kan kí n jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lórí etí òsì mi tó láti fi kìlọ̀ fún ẹlòmíràn, ìtùnú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o mú dání bí o ti ń kà á lọ: fura sí ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ ohun tí ń ṣe etí rẹ fún ọ kí ó tó wo inú rẹ̀. Ìfura pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ibi tí ó yẹ kí ó wà gan-an ni kò sí.

Ìbàfò ni à ń gbé. Àwọn òbí mi kó kúrò ní Èkó nígbà tí mo kéré, nítorí pé ilẹ̀ kò wọ́n ní Ìbàfò nígbà náà, bàbá mi sì ti búra pé inú ilé ara òun ni òun yóò darúgbó sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Èkó. Ìdájí ni ó ń jáde, ìgbà tí a bá sì ti jẹun alẹ́ tán ni ó ń wọlé. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìlọta méjì ní iwájú ilé wa, ọ̀kan fún ata àti ẹ̀wà, ọ̀kan fún ohun gbígbẹ bí èlùbọ́ àti àgbàdo. Epo dísù ni wọ́n ń mu, nítorí pé iná ìjọba kì í dúró ní àdúgbò wa. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, àfi kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fi ẹnu kàn ọ́ létí kí o tó gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé kí á da nǹkan sínú ẹ̀rọ, kí á sì gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ nìkan ni. Irin pẹlẹbẹ méjì ni ó ń fojú kan ara wọn nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń fún wọn mọ́ra. Bí a kò bá fún un tó, èlùbọ́ kò ní kúnná; bí a bá fún un jù, irin yóò máa ha irin, èlùbọ́ yóò sì dúdú. Ojú kò lè rí ibi tí irin méjèèjì ti ń pàdé. Etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n jù ní ilé wa. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń di ọwọ́ irin náà mú, tí mo ń tẹ orí, tí mo ń gbé etí òsì sún mọ́ ara ẹ̀rọ títí n ó fi gbọ́ ìró kan tí ó tẹ́jú, tí kò ha, tí kò sì ṣófo. Nígbà náà ni n ó jáwọ́. Àwọn oníbàárà a máa wí pé, "Ẹ jẹ́ kí Mọ́rẹ̀ lọ tèmi o." Ìyá mi a rẹ́rìn-ín, a ní etí yẹn ni Ọlọ́run fi ta òun lọ́rẹ nígbà tí òun bí mi.

Ní àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa ni Ìyá Kúdí gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì títì, ó dojú kọ tiwa gan-an. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti Èkó wá. Kúdí, ọmọ rẹ̀, àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan náà, ẹ̀yìn mi ni ó sì ń jókòó sí. Ohun kan wà tí ìyá mi kò fẹ́ràn lára obìnrin náà. Bí ó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ, a máa fi òwú dí etí rẹ̀ méjèèjì, a sì fa ìborùn bò ó. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kan, ó ń wò ó.

Ó ní, "Kí ni ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn ń fi etí pa mọ́ sí? Òwú yẹn, ó wù mí kí n mọ ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́."

Bàbá mi ní kí ó fi ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Ìyá mi ní òun kò sọ nǹkan kan, òun kàn ń wò ni.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àìsàn mi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èlùbọ́ tuntun ń wọlé tí ìdí ẹ̀rọ kì í sì í ṣófo. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹ̀ ni. Mo jókòó ní kíláàsì, gbogbo kíláàsì dákẹ́ nítorí ìdánwò, mo sì ń gbọ́ ìrẹ̀ kan tí ó ń dún tín-ín lẹ́yìn mi láìsinmi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo sọ fún Kúdí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ó wá ìrẹ̀ yẹn kí ó pa á. Ó wò mí bí ẹni pé oorun ń kùn mí. Nígbà tí mo délé, ìrẹ̀ náà bá mi délé. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ tì mí. Kò pẹ́ sí i, bí mo ti tẹ orí sí ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ohun kan gún mi nínú etí òsì bí ìgbà tí a bá ki abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbígbóná bọ inú rẹ̀. Mo jan ọwọ́ mọ́ etí. Kí ìyá mi tó béèrè ohun tí ó ṣe mí, ó ti lọ.

Ìyà tí ó wà nínú irú àìsàn yìí nìyẹn. Kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bá a níbẹ̀. Ibà a máa mú ara gbóná kí ìyá ẹni lè gbé ọwọ́ lé e. Egbò a máa ṣẹ̀jẹ̀. Tèmi kò fi àmì kankan sílẹ̀. Olùkọ́ wa kan wí ní gbangba pé ọjọ́ ìdánwò nìkan ni etí mi ń dùn mí, gbogbo kíláàsì sì rẹ́rìn-ín. Ó wá kù sí ọwọ́ mi láti máa ṣọ́ ọ: n ó jókòó jẹ́ẹ́, n kò ní mi orí, n kò ní jẹ ohun líle, n ó máa retí rẹ̀. Ìgbà tí mo bá gbàgbé rẹ̀ ni ó ń dé.

Ní ọ̀sán kan mo ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kúdí kọjá. Apá òsì mi ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Lójijì ni ọwọ́ kan di etí òsì mi mú láti ẹ̀yìn. Mo yí padà, òun ni.

"Mo pè ọ́, mo pè ọ́, o kàn ń lọ ni. Ṣé etí rẹ di ni, àbí ìyá rẹ ló ní kí o má dá mi lóhùn mọ́?"

Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì yára lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, abẹ́rẹ́ náà gún mi léraléra kí n tó fọ ẹnu tán. Nígbà náà ni mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó béèrè pé, "Etí wo ni ó dì mú?"

"Òsì ni, mà."

"Etí tí o fi ń gbọ́ ẹ̀rọ."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àìsàn, ó di ogun. Ìyá mi to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún bàbá mi bí agbẹjọ́rò: obìnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó dojú kọ tiwa, ó ń fi òwú dáàbò bo etí tirẹ̀, ó fi ọwọ́ kan etí ọmọ wa, etí ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí gún un. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí Ọlọ́run dá mọ́ mi, etí tí ó ń mú oníbàárà wá gan-an ni wọ́n ta lọ́fà. Bàbá mi rántí pé ìrẹ̀ ti ń dún ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyá mi fèsì pé ọ̀nà ni wọ́n ń là nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà bá ara mu tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí ibi tí mo lè gbà já a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fura sí Kúdí pẹ̀lú, pé kí ni ó ń wò lẹ́yìn ọrùn mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

A wá ìwòsàn káàkiri. Ẹni tí ó ní kẹ́míìsì lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ kò dìde lórí àga rẹ̀ tí ó fi ta oògùn tí à ń kán sí etí fún wa, pẹ̀lú kápúsù aláwọ̀ méjì. Ó ní kòkòrò ni. Nígbà tí kò dá, a lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mówè. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro wá, nígbà tí ó sì kàn wá, ọkùnrin tí ó wà nídìí tábìlì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí mi, ó ní ibà ti gun orí ni. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ ibà. Ariwo etí náà tún le sí i lẹ́yìn rẹ̀, ìyá mi sì ní ẹ̀rí nìyẹn pé kì í ṣe àìsàn oyìnbó.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá kan tí ó máa ń ríran kò jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ tán. Ó ní wọ́n ń pè mí láti inú ayé mìíràn ni, pé kí n má dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti ẹ̀yìn, kí ìyá mi sì máa kán òróró àdúrà sí etí náà ní àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo di ẹni tí ń rìn ní àdúgbò tí ènìyàn ń pè tí kì í yíjú. Àwọn kan tí kò mọ ìdí rẹ̀ ní mo ti ń gbéraga.

Inú bàbá mi kò dùn sí gbogbo èyí, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní Ifọ̀, àgbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ifọ̀. Ó wá pẹ̀lú ìgò àdín àti ìyẹ́ adìyẹ. Ó ní nígbà tí àwọn wà ní èwe, bí etí bá ń ro ọmọ, a ó yá àdín lórí iná díẹ̀, a ó ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, a ó sì rọra fi yí inú etí. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó wọ yàrá, bàbá mi sì tẹ̀ lé e. Ohùn ìyá mi wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Ẹ̀gbọ́n yín tí kò fẹ́ kí ẹ fẹ́ mi ni yóò wá ti nǹkan bọ etí ọmọ mi?" Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Òróró ní àárọ̀, àdín àti ìyẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, oògùn kẹ́míìsì nígbà tí ó bá wu ẹnikẹ́ni. Láàárín wọn, mo ń padà sí ìdí ẹ̀rọ, tí eruku èlùbọ́ ń bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí pé ìgbà èlùbọ́ ni, ìyá mi kò sì lè dá a ṣe.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù wá bẹ̀rẹ̀. Etí òsì náà ń di díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn. Ìrẹ̀ nìkan ni ó kù nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì gbé ọ̀pọ̀ èlùbọ́ wá, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Mo tẹ orí bí mo ti máa ń ṣe. Mo ń fún ọwọ́ irin náà, mo ń retí ìró tí mo mọ̀, n kò gbọ́ ọ, mo tún fún un. Ìyá Ìbejì bu èlùbọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó.

"Mọ́rẹ̀, irin lo lọ fún mi yìí."

Ó dúdú bí eérú. Ó gbé èyí tí ó kù rù, ó sọdá sí ọ̀dọ̀ Ìyá Kúdí, àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà sì ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ni ó sọdá títì pẹ̀lú èlùbọ́ lára, mo sì sáré tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Ìyá Kúdí, ohun tí o fi sí etí ọmọ mi, wá yọ ọ́."

Ẹ̀rọ ń ké. Ìyá Kúdí pa á, ó fa òwú kúrò ní etí rẹ̀ kan, ó ní, "Kí lẹ wí?" Àwọn ènìyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tún un sọ. Ìyá Kúdí yọ òwú kejì, ó nà án sí ìyá mi.

"Òwú rèé. Ẹ gbà á, kí ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ariwo ẹ̀rọ máa ń fọ́ mi lórí ni mo fi ń dí etí. Àbí kí n bọ́ ìborùn náà fún yín?"

Nígbà náà ni àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. Mo rí ẹnu rẹ̀ tí ó ń mì, ṣùgbọ́n apá òsì mi ni ó wà, àwọn ènìyàn sì ń pariwo. Ẹnì kan ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí ó ń béèrè ni bóyá mò ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n má dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kejì, Kúdí gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi ní kíláàsì.

Nígbà tí a gba ìsinmi, bàbá mi ní kí n lọ lo ọjọ́ díẹ̀ ní Ifọ̀, kí ọkàn gbogbo wa lè rọlẹ̀. Ìyá mi kò fẹ́. Ó sọ sí mi létí ọ̀tún pé kí n má jẹ́ kí Ìyá Ifọ̀ fi nǹkan dúdú kankan sí mi lára. Mo dé ibẹ̀, mo sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ológbò. Kò fi nǹkan dúdú sí mi lára. Àdín àti ìyẹ́ náà ni ó ń bá lọ, títí di ìrọ̀lẹ́ kan tí ìyẹ́ náà kan ibì kan nínú etí mi tí mo fi ṣubú kúrò lórí àpótí. Nígbà tí mo dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn mi, ó fi ọwọ́ dí etí ọ̀tún mi, ó pè mí. Ó ní òun pè mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò mọ̀ pé ó sọ nǹkan kan.

Ó jókòó tì mí, ó gbé ìgò àdín náà sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ibi tí ọwọ́ mi mọ rèé. Ilé ìwòsàn ìjọba ni a ń lọ lọ́la."

Ẹni tí ó bá fẹ́ tètè rí dókítà níbẹ̀, òkúta ni ó fi ń gba ipò. Kí wọ́n tó ṣí géètì, oníkálukú yóò gbé òkúta tirẹ̀ sórí ìlà, yóò sì lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Mo mọ òkúta wa, ó ní ìlà funfun. Nígbà tí mo tún wò ó, ó ti sún sẹ́yìn òkúta bàbá àgbàlagbà kan. Mo fi han Ìyá Ifọ̀.

Ó kí bàbá náà dáadáa kí ó tó sọ ọ́. "Bàbá, òkúta kì í rìn."

Bàbá náà ní, "Èyí tí ó bá ń ṣàìsàn a máa wá dókítà lọ."

Ẹ̀rín pa wá, Ìyá Ifọ̀ sì dá òkúta wa padà sí ààyè rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan lé e lórí. Oòrùn ti mú kí ó tó kàn wá. Owó káàdì, owó oògùn, owó ọkọ̀ tí bàbá mi ń ná láti wá wò mí: owó tí ó fẹ́ fi rẹ́ ara ilé wa ni. Ilé náà kò rí rẹ́ ní ọdún yẹn.

Obìnrin ni dókítà náà, kò sì ju ẹni tí ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ lójú. Kò sọ pé kòkòrò ni, kò sọ pé ibà ni. Ó fa etí mi sókè díẹ̀, ó gbé iná kékeré kan sí ẹnu rẹ̀, ó sì wo inú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó yí mi padà, ó wo ọ̀tún pẹ̀lú. Orí àga yẹn ni ó ti wá sí mi lọ́kàn pé oníkẹ́míìsì kò wo inú etí mi, ọkùnrin Mówè kò wò ó, aríran kò wò ó, ìyá mi àti Ìyá Ifọ̀ kò wò ó. Gbogbo wọn ni wọ́n ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ìfura sì mú mi, nítorí pé ó dà bí ti ọlọ́pàá. Ṣé eyín ń dùn mí? Ṣé eegun àgbọ̀n mi máa ń dún bí mo bá ń jẹun? Ṣé ọ̀fìnkìn ń yọ mí lẹ́nu? Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n ti gún mi? Kí ni a ti kán sí i? Ìyá Ifọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n ṣọ́ ẹnu mi. Mo wo ojú dókítà náà, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: òróró, àdín, ìyẹ́, oògùn kẹ́míìsì. Kò bú wa. Ó bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Mo ní mo ń fi ẹ̀rọ bá ìyá mi lọ nǹkan, láti kékeré.

Ó ní, "Etí wo lo máa ń gbé sún mọ́ ẹ̀rọ?"

N kò tíì sọ fún un pé mo ń gbé etí sún mọ́ ẹ̀rọ. "Òsì ni, mà."

Ìyá Ifọ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Dókítà, etí yẹn gan-an ni àwọn ọ̀tá ń dọdẹ."

Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, bí ọmọ bá ti kékeré gbé etí lé ẹnjìnnì lórí, ọ̀tá wo ló tún kù tí yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ó fún mi ní oògùn tí yóò mú kí ohun tí ó dí etí náà rọ̀, ó ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ sínú abọ́ kékeré. Ohun tí ó jáde nípọn, ó dúdú lẹ́yìn, ó sì funfun nínú bí èlùbọ́ tí a fi òróró pò. Fọ́nrán ìyẹ́ adìyẹ kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Ifọ̀ rí i, ó sì tẹ orí ba. Èmi ń gbọ́ omi tí ó ń kán láti etí mi sínú abọ́, tó, tó, tó. Láti etí òsì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo sunkún.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ìdọ̀tí etí, eruku àti òróró ti di ọ̀kan, ìyẹ́ sì ti tì í wọlé títí ó fi kan awọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń gbọ́ràn. Bí ó bá ti sún díẹ̀, a gún mi. Ó kìlọ̀ pé kí n má lọ máa sọ fún gbogbo ayé pé irú tèmi ni tiwọn. Eyín tí ó jẹrà lè ta dé etí. Eegun àgbọ̀n lè ṣe é. Ọ̀fìnkìn àti ọ̀nà ọ̀fun lè ṣe é, egbò inú etí náà lè ṣe é. Ní ti ìrẹ̀, ó ní apá kan rẹ̀ wá láti inú ohun tí ó dí etí, yóò dínkù. Apá kejì wá láti inú ariwo ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ibà sì lè mú un le sí i. Mo béèrè bóyá yóò lọ. Ó ní òun kò ní purọ́ fún mi, ó lè má lọ tán, ṣùgbọ́n bí n kò bá jìnnà sí ariwo, ìgbọ́ràn tí ó kù nínú etí náà yóò bá èyí tí ó ti sọnù lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì gbà á. Ó ní, "Ta ló mú ọ lọ síbẹ̀? Ìyá Ifọ̀. Ta ló rí ohun tó jáde? Ìyá Ifọ̀." Ó ní inú òun dùn pé etí ṣí, ṣùgbọ́n dókítà kò mọ ogun ayé. Ó tún ní, "Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, kí ló dé tó jẹ́ lẹ́yìn tó di etí rẹ mú ni ó wá le?"

Láti Ifọ̀ ni mo ti ń ro èyí nínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

"Mọ́mì, kí ló mú kí ó di etí mi mú?"

"Ó pè ọ́, o ò dáhùn. Ìwọ lo sọ fún mi bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí n kò dáhùn?"

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ níta, ẹ̀wà ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyá mi jáde lọ pa á, mo sì tẹ̀ lé e. Oníbàárà náà béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyá mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lára irin, ó ń wò mí, ó ń wo ẹ̀rọ náà.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń gbé etí lé ẹ̀rọ ní ilé wa mọ́. Ìyá mi a máa bu èlùbọ́ sí àárín ìka méjì, a rọ́ ọ wò, a tún irin fún, a tún rọ́ ọ wò. Ó ń pẹ́, àwọn kan sì ń kùn. Bàbá mi ra ohun ìbòtí ńlá bí irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń lò wá fún wa láti Èkó. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ dé e, Ìyá Kúdí wí láti òdìkejì títì pé ọkọ̀ òfuurufú ti fẹ́ gbéra. Mo sọ fún un pé dókítà ní òwú nìkan kò tó. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi òwú rẹ̀ dí i. Ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ata wa bàjẹ́, ó gbé ata lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ lọ̀ ọ́ ní ọ̀dọ̀ Ìyá Kúdí, ẹni tí ó bá sì mọ ìyá mi yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nígbà tí mo gbé e padà dé, ìyá mi ṣí i, ó wo ojú rẹ̀, ó fi imú kàn án, kí ó tó dà á sínú ìkòkò.

Ní báyìí, ó ti pẹ́ tí abẹ́rẹ́ náà ti gún mi kẹ́yìn. Etí òsì mi ń gbọ́ràn, kò kàn mú bíi ti tẹ́lẹ̀ ni. Ní kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ògiri apá òsì ni mo ń jókòó sí, kí etí ọ̀tún lè kọjú sí olùkọ́. Kúdí ti gbé àga rẹ̀ padà, kì í ṣe ẹ̀yìn mi, ẹ̀gbẹ́ mi ni. Ìwọ tí ó ń ṣe, má ti nǹkan bọ̀ ọ́, má sì kán ohun tí o kò mọ̀ sí i. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí ó ń ṣọyún, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ó bá di lójijì, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí o tó lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì sọ ohun tí ó ń ṣe ọ́, ìyá rẹ ìbáà jẹ́, kúnlẹ̀ kí o bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ó ti wo inú rẹ̀.

Ìyá Kúdí kì í pè mí láti ẹ̀yìn mọ́. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, a máa dìde, a jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù títí n ó fi rí ẹnu rẹ̀, kí ó tó ní, "Mọ́rẹ̀, káàbọ̀." Mo ń kúnlẹ̀, mo ń dá a lóhùn. Ìrẹ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn mi. N kì í bojú wẹ̀yìn nítorí rẹ̀ mọ́.